Gbèsè ni àbí ẹ̀ṣẹ̀? Èmi ni àbí kọ́ńpìnì mi?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe n'Ìbàdàn ni pé mo máa ń bá oníṣòwò forúkọ òwò wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnì sílẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀ débi pé tí èèyàn bá wọlé tójú ẹ̀ pọ́n báyìí, mo ti máa ń mọ ìbéèrè tó gbé wá kó tó jókòó. Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, màmá kan wá bá mi, adìẹ ni màmá ń sìn, ẹkún ti wú ojú wọn. Owó oúnjẹ adìẹ ni wọ́n jẹ ẹni tó ń tà á fún wọn, àrùn wọ inú ọgbà, adìẹ kú, owó ò sí mọ́, ni ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ bá kó ọlọ́pàá lọ sílé màmá, wọn ò bá màmá nílé, bí wọ́n ṣe gbé àbúrò màmá ọkùnrin lọ sí tésàn nìyẹn o. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣebí kọ́ńpìnì ni mo fi ń ṣòwò, ṣebí ìwọ lo bá mi ṣe ìwé ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n wá ń mú ẹbí mi?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo ìwé náà. Business name ni, kì í ṣe kọ́ńpìnì. Ó dùn mí gan-an, torí ó yẹ kí n ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Nǹkan méjì ló ti wọ inú ara wọn nínú ọ̀rọ̀ màmá yìí, nǹkan méjì yìí náà ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ọ̀kan ni pé ta ló jẹ gbèsè náà gan-an, ṣé màmá ni àbí òwò màmá? Èkejì ni pé ṣé gbèsè lásán ni àbí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè torí ẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n? Ọ̀tọ̀ nìkíní, ọ̀tọ̀ nìkejì. Èèyàn lè jẹ gbèsè kó má ṣẹ̀, èèyàn lè má jẹ gbèsè kọ́bọ̀ kó sì ṣẹ̀, kọ́ńpìnì lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀kan kó má lè gbà yín lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí business name torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Gbogbo Enterprises, Ventures, and Sons tí ẹ ń rí lára pátákó láti Gbági dé Dùgbẹ̀, business name ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ kò ju pé ẹni báyìí ló ń fi orúkọ báyìí ṣòwò lọ. Bí ìgbà tí wọ́n sọ ọmọ ní Fọláṣadé tí ìyá àgbà wá ń fi oríkì pè é ní Àjọkẹ́ ni, ẹni kan náà ni wọ́n. Tí Fọláṣadé bá jẹ gbèsè, Àjọkẹ́ ò lè jáde síta kó ní òun kọ́. Torí náà tí Àjọkẹ́ Ventures bá jẹ mílíọ̀nù méjì náírà, Fọláṣadé ló jẹ ẹ́, owó inú àkáǹtì òwò, owó inú àkáǹtì tí owó oṣù ẹ̀ ń wọ̀, mọ́tò, ilẹ̀ tó rà sí Mọ́níyà, gbogbo ẹ̀ pátá ni kóòtù lè ní kí wọ́n fi san án. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ méjì mẹ́ta tí ẹ jọ forúkọ kan sílẹ̀, pátínáṣípù nìyẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ, tiyín tún wá le díẹ̀ sí i torí pé gbèsè tí ẹnìkejì yín lọ jẹ lórúkọ òwò náà, wọ́n lè wá gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ wá lọ máa bá ara yín fà á lẹ́yìn náà.

Mi ò sọ pé business name ò dáa o. Ó dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ́ kéèyàn lè ṣí àkáǹtì òwò ní báńkì, owó ẹ̀ ò pọ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò bò yín lára rárá ni.

Kọ́ńpìnì tí wọ́n ń kọ Limited tàbí Ltd sí ìdí orúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Lójú òfin, ọjọ́ tí CAC bá ti fún un níwèé, èèyàn tuntun ti wáyé nìyẹn. Kò ní ẹran ara, kò lè jẹun, ṣùgbọ́n ó lè rà, ó lè tà, ó lè nílẹ̀, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá a sílẹ̀ lè kú kóun ṣì wà.

Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà fi kọ́ nípa èyí, ìlú London ló ti wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aron Salomon, bàtà ló ń ṣe, ó sọ òwò ẹ̀ di kọ́ńpìnì lọ́dún 1892. Ṣíà tí wọ́n pín jẹ́ 20,007, òun nìkan mú 20,001, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ márùn-ún mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣáà rí i pé tiẹ̀ náà ni. Kọ́ńpìnì yìí tún wá jẹ òun fúnra ẹ̀ lówó lára owó tó fi ra òwò náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì fi dúkìá kọ́ńpìnì ṣe ìdúró fún owó yẹn. Ọjà ò lọ, kọ́ńpìnì wọlé, àwọn tí wọ́n jẹ lówó ní ṣebí Salomon ló ni gbogbo ẹ̀, kó mú owó wọn wá. Àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ gbà fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé House of Lords tó ga jù, wọ́n ní rárá, kọ́ńpìnì ló jẹ gbèsè, Salomon kọ́, kódà Salomon wà lára àwọn tí kọ́ńpìnì jẹ lówó! Ó máa dun àwọn tí owó wọn wọgbó, mo mọ̀, èmi náà ì bá bínú ká ní owó mi ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀lé títí dòní nìyẹn, CAMA, òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnì tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnì.

Òfin 2020 yìí náà ló jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tó méjì ó kéré tán, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń kọ orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò tí kò mọ nǹkan kan nípa òwò náà mọ́ tiwọn, màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn torí ó ti kó àwọn kan sí wàhálà. Àpapọ̀ owó ṣíà tó kéré jù fún kọ́ńpìnì aládàáni ni ₦100,000. "Limited" tí wọ́n ń kọ yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbèsè ní ibi tó dé dúró lára yín, tí ẹ bá ti san owó ṣíà tẹ́ ẹ mú pé, tí kọ́ńpìnì bá wó lulẹ̀ lọ́la, wọn ò lè wá ta ilé yín torí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó o. Ìbòrí yìí láwọn ibi tó ti ya.

Ibi àkọ́kọ́ ni báńkì. Báńkì náà mọ òfin yìí dáadáa ju èmi àtẹ̀yin lọ, torí náà tí kọ́ńpìnì yín bá fẹ́ yáwó wọ́n á ní kẹ́yin dáírẹ́kítọ̀ wá fọwọ́ síwèé onídùúró, ẹ ò ní ka ìwé náà torí ojú ń kán yín, ẹ máa fọwọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn lẹ ti bọ́ aṣọ tí Limited wọ̀ fún yín lọ́rùn ara yín. Ìwé onídùúró yẹn, orúkọ tí ìyá yín sọ yín ló wà níbẹ̀, orúkọ kọ́ńpìnì kọ́.

Òmíràn ni owó àsansílẹ̀. Tí kọ́ńpìnì bá yáwó fún nǹkan kan pàtó tàbí gba owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ká ní ilé lẹ fẹ́ bá ẹnì kan kọ́, tí ẹ wá fi èrò jìbìtì gbé owó náà lọ ṣe nǹkan mìíràn, CAMA fúnra ẹ̀ sọ pé dáírẹ́kítọ̀ tó lọ́wọ́ nínú ẹ̀ á fi owó ara ẹ̀ san án. Àwọn kóòtù náà kì í jẹ́ kéèyàn fi kọ́ńpìnì bo jìbìtì mọ́lẹ̀, Supreme Court sọ ọ́ lọ́dún 2010 nínú ẹjọ́ Alade àti Alic Nigeria Limited. Lójoojúmọ́, eégún ni kọ́ńpìnì, eégún là ń bá sọ̀rọ̀, a kì í pe orúkọ ẹni tó gbé e. Àmọ́ tí wọ́n bá rí i pé olè ló gbé ẹ̀kú wọ̀ wọ ọjà, kóòtù á ṣí aṣọ lójú ẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó wà nínú ẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù tí mo sì máa ń bá àwọn kọ́sítọ́mà mi jà lé lórí ni pé wọ́n á forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ tán, wọn ò ní lò ó. Àkáǹtì ara wọn ni wọ́n á fi máa gbowó, orúkọ ara wọn ni wọ́n á kọ sí rìsíìtì, àdéhùn orí WhatsApp ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé tẹ́ ẹ ní kọ́ńpìnì ló dá àdéhùn, ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó á ní òun ò mọ kọ́ńpìnì kankan rí, ẹ̀yin lòun bá ṣe. Ẹ kọ orúkọ kọ́ńpìnì sórí gbogbo ìwé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i pé lórúkọ kọ́ńpìnì lẹ ṣe fọwọ́ sí i.

Àwọn oríṣi mìíràn wà, LLP wà fún àwọn tó fẹ́ ṣe pátínáṣípù ṣùgbọ́n tí wọn ò fẹ́ kí gbèsè ara wọn pa ara wọn, Incorporated Trustees wà fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ní tiwọn, ọ́fíìsì àwọn alájẹsẹ́kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe CAC. Ẹni tó bá wà nídìí ọ̀kan nínú wọn kó bi lọ́yà.

Ó yá, ká bọ́ sórí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí òfin ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, láyé Western Region, lọ́dún 1961. Kóòtù ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó ṣe panṣágà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí High Court, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ yẹn, ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé adájọ́ ní panṣágà dáa o. Ohun tó sọ ni pé kò síbì kankan nínú ìwé òfin Western Region tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, kí wọ́n sì kọ ìyà tó tọ́ sí i. Nǹkan lè burú, gbogbo àdúgbò lè máa fi èèyàn bú, àmọ́ tí kò bá sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìjọba ò lè torí ẹ̀ fìyà jẹ èèyàn. Section 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ṣì sọ bẹ́ẹ̀ dòní.

Ẹ wá ṣí Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Gúúsù, Lagos ti ṣe tiwọn lọ́tọ̀, Àríwá ń lo Penal Code, ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kéèyàn jẹ gbèsè kó má rówó san jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ńbẹ̀.

Ohun tó wà ńbẹ̀ ni olè jíjà, ìtànjẹ, àdàkàdekè, ayédèrú ìwé. Nǹkan méjì ni wọ́n sì máa ń wá nínú púpọ̀ wọn, ohun téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe àti ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ n fi 419 ṣàlàyé torí gbogbo wa la mọ orúkọ ẹ̀, nọ́ńbà section inú Criminal Code ni, ṣùgbọ́n èèyàn díẹ̀ ló mọ ohun tó sọ. Kó tó di 419, irọ́ gbọ́dọ̀ wà, irọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí nǹkan tó wà báyìí, ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, ìyẹn ló sì gbọ́dọ̀ mú kí ẹnìkejì gbé owó sílẹ̀. Ká ní mo sọ fún yín pé mo ní 600 báàgì simẹ́ńtì nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ẹ sanwó, kò sì sí báàgì kan ṣoṣo níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí, gbájú-ẹ̀ nìyẹn, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 lórí irú jìbìtì yìí sọ pé ẹ̀wọ̀n ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 7 dé 20, kò sì sí pé kéèyàn san owó ìtanràn dípò. Àmọ́ ká ní mo ní simẹ́ńtì máa dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì sanwó fún ilé-iṣẹ́ lóòótọ́, ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà, simẹ́ńtì ò dé, owó ti há, mo ti já àdéhùn, mo jẹ yín lówó, ẹ sì lè pè mí lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì di ọ̀daràn. Ẹni tó ní "màá san án lóṣù tó ń bọ̀" tí kò rí i san, ìlérí ló já.

Torí náà màmá aládìẹ gba oúnjẹ adìẹ, wọ́n fi bọ́ adìẹ lóòótọ́, wọ́n ti ń san owó bọ̀ láti bí ọdún méjì, adìẹ wá kú. Gbèsè ni.

Ẹ wá wo alájọ. Ìyá àti bàbá wa ń fún un ní ₦500 lójoojúmọ́, níparí oṣù ó ní owó ti tán, òun ti fi kọ́lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní alájọ jẹ gbèsè. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Owó tí mo yá yín, ẹ lè ná an, ó ti di owó yín, gbèsè ẹ̀ lẹ jẹ mí. Owó téèyàn gbà pa mọ́ fún ẹlòmíràn, owó onítọ̀hún ṣì ni, tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ bá wá fi èrò olè ná an sórí ara ẹ̀, olè jíjà lòfin lè pè é. Kàṣíà tó ń gba owó ọ̀gá ẹ̀ ná náà, bákan náà ló rí, tó bá tún wá jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ ló jí owó kọ́ńpìnì, ẹ̀wọ̀n tó wà nínú Criminal Code fún un ju ti olè lásán lọ, ọdún 7 ni, ti olè lásán jẹ́ 3. Ẹ rántí pé kọ́ńpìnì jẹ́ èèyàn ọ̀tọ̀, ẹ lè jí owó ẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ó máa ń ya àwọn kọ́sítọ́mà mi lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀kì náà ní òfin tiẹ̀, láti 1977. Tẹ́ ẹ bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún èèyàn, tó gbé e lọ báńkì láàárín oṣù mẹ́ta, tí báńkì dá a padà pé owó ò tó, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni láìsí owó ìtanràn, àfi tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé ẹ nídìí tó dáa tẹ́ ẹ fi gbà pé báńkì máa san án. Torí náà ẹ má kọ ṣẹ́ẹ̀kì láti fi tu ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó lójú, gbèsè lásán lẹ ń fọwọ́ ara yín sọ di ẹ̀wọ̀n yẹn.

Ìyàtọ̀ tún wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ méjèèjì. Ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ń pè é, aláìṣẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí tó dájú gbe ẹ̀ṣẹ̀ náà lẹ́sẹ̀, tí iyèméjì gidi bá kù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀. Ẹjọ́ gbèsè, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó lẹ máa pè é, adájọ́ á kàn wo ẹ̀rí tó wúwo jù láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Wàyí o, ọlọ́pàá. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 kọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí torí pé ó já àdéhùn lásán. Ó tún kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí wọ́n ń wá, kì í ṣe àbúrò, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ìyá arúgbó. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Supreme Court náà sọ ọ́ lọ́dún 2018 nínú ẹjọ́ báńkì kan àtàwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ pé EFCC kì í ṣe agbowó-gbèsè. Èmi mọ ibi tí àṣà yìí ti wọ wá lẹ́jẹ̀. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, tí gbèsè bá pẹ́ jù, wọ́n á rán ológò lọ dógò ti ajigbèsè, á jókòó sílé ẹ̀, á máa pariwo, á máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ agbolé pa jẹ, títí ẹbí á fi dá owó jọ torí ìtìjú. Wọ́n tún lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo agbolé ló ń ru gbèsè ẹnì kan nígbà yẹn. Ọlọ́pàá tó wá gbé àbúrò màmá lọ, iṣẹ́ ológò ló ń ṣe, òfin sì ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Inú ń bí mi tí mo bá ń sọ ọ́ torí mo mọ iye èèyàn tó ti sùn sí àtìmọ́lé lórí owó tí kò ju ₦80,000 lọ.

Ó wá ku ibi tí nǹkan méjèèjì ti pàdé: tí kọ́ńpìnì bá ṣẹ̀ ńkọ́? Kò lọ́wọ́, kò lọ́kàn, báwo ló ṣe fẹ́ ní èrò ibi? Òfin ní kẹ́ ẹ wo ọkàn àwọn tó ń darí ẹ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ dáírẹ́kítọ̀ tàbí ọ̀gá àgbà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, kọ́ńpìnì ló ṣe é. Ẹ ò lè gbé kọ́ńpìnì lọ sẹ́wọ̀n, torí náà owó ìtanràn ni wọ́n máa ń bù lé e, òfin ṣẹ́ẹ̀kì yẹn náà ní tó bá jẹ́ kọ́ńpìnì, kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦5,000. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín sí owó yẹn o, torí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló le, ó ní dáírẹ́kítọ̀ tó bá mọ̀ nípa ẹ̀, tó gbà á láyè, tàbí tí àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, òun náà jẹ̀bi. Irú gbólóhùn yìí wà nínú òfin pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ẹ rántí My Pikin, oògùn eyín àwọn ọmọdé? Lọ́dún 2008, kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol wọ inú ẹ̀, ó lé ní 80 ọmọ tó kú, ọmọ jòjòló ni wọ́n, ìyá wọn ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ bu oògùn yẹn sí wọn lẹ́nu. Barewa Pharmaceuticals ló ṣe é. Ní oṣù karùn-ún 2013, Federal High Court l'Ékòó dájọ́: méjì nínú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń po oògùn náà gba ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ẹnì kọ̀ọ̀kan, adájọ́ sì ní kí wọ́n tú kọ́ńpìnì náà ká, kí ìjọba àpapọ̀ gba dúkìá ẹ̀. Fún mi, ikú ni wọ́n dá fún kọ́ńpìnì yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kọ́ ló ni kọ́ńpìnì, owó oṣù ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ Limited tó wà nídìí orúkọ ilé-iṣẹ́ ò gbà wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí àna tàbí ọ̀rẹ́ fi orúkọ yín ṣe dáírẹ́kítọ̀ sínú kọ́ńpìnì tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó ń tà. Wọ́n á ní orúkọ lásán ni, wọ́n á kàn gba NIN yín àti ìfọwọ́síwèé. Ọjọ́ tí EFCC bá ṣí fáìlì yẹn, orúkọ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ kà, ẹ̀yin lẹ sì máa jókòó ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú irú ẹ̀, ẹ kọ̀wé pé ẹ ti kúrò, kẹ́ ẹ sì rí i pé CAC yọ orúkọ náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó, ẹ má bínú sí mi pé mò ń gbèjà ajigbèsè, owó yín tọ́ sí yín. Kẹ́ ẹ tó ta àwìn ńlá fún ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ orúkọ òwò ẹ̀ sórí ìkànnì CAC, ọ̀fẹ́ ni, tó bá jẹ́ RC ló wà níwájú nọ́ńbà ẹ̀, kọ́ńpìnì ni, tó bá jẹ́ BN, èèyàn lẹ ń bá ṣe. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnì, ẹ ní kí dáírẹ́kítọ̀ ṣe onídùúró bí báńkì ti ń ṣe. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Tí gbèsè bá pẹ́, ẹ kọ lẹ́tà pé owó ti tó san, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gba kóòtù lọ. Lagos ti ṣe Small Claims Court láti 2018, gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 lọ, máájísíréètì ló ń gbọ́ ọ, ètò wọn sì ni pé kí ìdájọ́ jáde láàárín ọjọ́ 60, ẹ ò ní láti gba lọ́yà kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé irọ́ simẹ́ńtì ni wọ́n pa fún yín, ẹ lọ bá ọlọ́pàá, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbèsè, tí wọ́n bá pè yín ní tésàn, ẹ lọ, ẹ má sá, ẹ mú lọ́yà dání tẹ́ ẹ bá lágbára. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín gan-an. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí lọ́yà yín á fi dé, béèlì ọ̀fẹ́ ni, ìwé òfin ilẹ̀ wa sì sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú yín, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Ẹ má san owó gbèsè sínú àkáǹtì ọlọ́pàá kankan. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ ni kẹ́ ẹ san án fún, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.

Lọ́yà kan tí mo mọ̀ bá màmá aládìẹ lọ sí tésàn yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìwé òfin ọlọ́pàá ti 2020 dání, wọ́n tú àbúrò màmá sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Màmá àti ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ wá jókòó, wọ́n kọ àdéhùn pé ₦40,000 ni màmá á máa san lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, màmá padà wá, wọ́n ní kọ́ńpìnì gidi ni kí n bá àwọn ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kò burú, mo mú fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé gbèsè oúnjẹ adìẹ yẹn á wá kúrò lọ́rùn mi bọ́ sọ́rùn kọ́ńpìnì?" Mo ní rárá mà, kọ́ńpìnì yìí ò tíì wáyé nígbà tẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ọrùn yín náà ló wà, èyí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí nìkan ló lè gbé. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá ní ó dáa, kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.